Ọdẹ orí ni wọ́n pè é nílé, àìsàn ọpọlọ ni dókítà pè é: ta ni ká gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni ọdún 58 ni ìyá mi, aṣọ ló ń tà lọ́jà. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ti ń sọ pé nǹkan kan ń rìn nínú orí òun bí èèrà, pé àárín orí òun ń gbóná, etí òun ń hó, àyà òun ń já. Tó bá sùn di aago méjì òru, ó tán nìyẹn, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ di àárọ̀. Kì í lọ sọ́jà mọ́. A ti yẹ ibà àti táífọ́ọ̀dù wò, a ti ya fọ́tò orí rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà wá ní ká lọ rí àwọn tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Bàbá mi fárígá, wọ́n ní ìyàwó àwọn kì í ṣe wèrè. Àǹtí mi àgbà ní ọdẹ orí ni, pé ayé ló rán an, pé ilé àdúrà ló yẹ ká gbé wọn lọ. Ta ni ká gbọ́ nínú wọn?

* * *

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti dókítà, ká tó sọ ti àwọn tó kù.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Kí n tó kọ́ṣẹ́ yẹn rárá, ọdẹ orí ti da ìyá tó bí mi láàmú, torí náà kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọdẹ orí ò sí. Ó wà. Nǹkan tó ń rìn nínú orí, orí tó ń gbóná, etí tó ń hó, àyà tó ń já, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn èèyàn wa ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ní 1987, dókítà ọpọlọ kan, Makanjuola, kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìṣègùn tí gbogbo àgbáyé ń kà, orúkọ Yorùbá yẹn gan-an ló sì fi pè é. Nígbà tó yẹ àwọn tó ní in wò fínnífínní, ìsoríkọ́ àti àníyàn àníjù ló bá nídìí ọ̀pọ̀ wọn. Orúkọ tí àìsàn náà ń jẹ́ nílé ni àǹtí yín pè, dókítà pe èyí tó ń jẹ́ lọ́sibítù. Ibi tí àǹtí ti ṣìnà ni ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹnì kan ló rán an.

Ọ̀rọ̀ bàbá yín yé mi. Bí a bá ti gbọ́ “àìsàn ọpọlọ”, ẹni tó ń rìn níhòòhò lójú títì ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ẹni yẹn kéré jọjọ nínú àwọn tí mo tọ́jú. Àwọn tó kún yàrá ìdúró wa láràárọ̀ ni ìyá oníṣòwò, tíṣà, awakọ̀, ọmọ yunifásítì. Aṣọ wọn mọ́, wọ́n mọ iye tí oníbàárà jẹ wọ́n. Wọn ò kàn rí oorun sùn ni, oúnjẹ ò sì wọlé.

Ẹ wo ìyá yín dáadáa. Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ wọn ṣì ń dùn mọ́ wọn? Ṣé aṣọ wọn ti ń tú sí wọn lára? Tí wọ́n bá jí lóru, kí ni wọ́n máa ń rò? Ṣé wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ tó ti kọjá tipẹ́? Bí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì ti dí iṣẹ́ èèyàn lọ́wọ́, àwa kì í dúró de àmì míì. Tìyá yín ti pé oṣù mẹ́ta.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀yà ara kékeré tó wà lọ́rùn, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, wò. Tí ìyẹn bá ń ṣiṣẹ́ jù, àyà á máa já, oorun á sá, èèyàn á sì máa rù. Mo ti rí ẹni tí wọ́n tọ́jú fún àníyàn fún ọdún kan gbáko, tó sì jẹ́ pé ọrùn ló ń ṣe é.

* * *

Ẹnì kan dá sí ọ̀rọ̀ wa lábẹ́ ìdáhùn yìí pé òyìnbó ló ni ìsoríkọ́, pé Yorùbá kì í ní in nítorí ẹbí wa pọ̀, a kì í dá gbé.

Ta ló wá fún wa ní ọ̀rọ̀ náà “ó soríkọ́”? Àwọn àgbà wa rí ẹni tí orí rẹ̀ kọ́ sílẹ̀ tí kò lè gbé e sókè, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ní 2006, dókítà ọpọlọ kan, Gureje, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde, tí wọ́n ti lọ láti ilé dé ilé kárí apá tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bí 12 ló ti ní ọ̀kan nínú àwọn àìsàn ọpọlọ rí láyé wọn. Nínú àwọn tó sì ń ṣe lọ́dún yẹn gan-an, kò tó ẹni kan nínú mẹ́wàá tó rí ìtọ́jú. Lójú tèmi, iye yẹn kéré sí ohun tó wà nílẹ̀, nítorí mo mọ bí àwa èèyàn wa ṣe máa ń dáhùn bí àlejò bá wọlé wá béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: “A dúpẹ́, kò sí nǹkan kan.”

Ti ẹbí, òótọ́ ni pé ẹbí máa ń gbé èèyàn ró. Àmọ́ mo ti tọ́jú obìnrin tó ń gbé ilé oníyàrá mẹ́jọ tí gbogbo rẹ̀ kún, tó jẹ́ pé balùwẹ̀ nìkan ló ti ń ráyè sunkún.

Ọmọ iléèwé kan pẹ̀lú kọ̀wé pé orí òun máa ń gbóná tí òun bá ti ṣí ìwé, ìlà kan náà lòun á máa kà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àbúrò mi, ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ nípa irú rẹ̀ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, “brain fag” ni wọ́n sì ń pè é nígbà náà. Dín kọfí àti oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn tí ẹ ń jẹ lásìkò ìdánwò kù, kí o sì lọ bá dókítà tó wà ní iléèwé yín.

* * *

Ẹ jẹ́ ká sọ ti “ta ló fà á”, nítorí èsì tó pọ̀ jù níbí, orí ẹ̀ ni wọ́n dá lé.

Ohun tí mo máa ń bi ẹbí ni pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú àìsàn yìí. Ó ṣọ̀wọ́n kí n má rí ìdáhùn: ikú ọmọ tàbí ọkọ, gbèsè àjọ, ọjà tó jóná, àìsàn tó pẹ́ lára, ọkọ tó ń nani, ọmọ tó rìnrìn àjò gba aṣálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀. Àìríṣẹ́ àti òṣì wà níbẹ̀. Ìyà tó jẹ èèyàn ní kékeré wà níbẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá fipá bá a lò pọ̀ tí kò sì rẹ́ni sọ fún. Àìsàn náà máa ń rìn nínú ìdílé pẹ̀lú, àmọ́ bó bá wà nínú ìdílé yín, kò túmọ̀ sí pé gbogbo yín ló máa ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìsoríkọ́ fi ìdajì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Àwọn ọkùnrin tí mo rí, ọtí ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ tuntun ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ẹkún díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í pẹ́ lọ. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ. Bó bá jẹ́ pé kò sùn rárá, tó ń sọ kántankàntan, tó ń sọ pé ọmọ yìí kì í ṣe tòun, abísínwín nìyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ọsibítù, ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀.

Ẹni tó béèrè nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń mu igbó: bẹ́ẹ̀ ni, igbó lè fa àìsàn ọpọlọ, pàápàá fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó sì ń mu èyí tó le. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mu ún ló ń yí lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tó ní wọ́n ń lépa òun, ẹ má wulẹ̀ nà án nítorí igbó. Àìsàn tí igbó ṣí ìlẹ̀kùn fún ló wà níwájú yín yẹn. Bí wọ́n bá fún un ní haloperidol, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú irú àìsàn yìí, tí ọrùn rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, ẹ má pariwo pé wọ́n ti ba ọmọ yín jẹ́. Ẹ gbé e padà lọ kíákíá. Oògùn tó ń tú u sílẹ̀ wà, wákàtí díẹ̀ ni.

* * *

Èmi àti àwọn kan máa jiyàn lórí oògùn. Wọ́n ní “tó o bá bẹ̀rẹ̀, o ò lè fi í sílẹ̀ mọ́ láé.”

Ẹ̀yin tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ti da oríṣi méjì pọ̀. Oògùn tó ń di bárakú ni diazepam àti Lexotan, àwọn oògùn oorun tí a ń rà ní kẹ́míìsì bí ẹní ra pañadó. Alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an ni èèyàn á fi sùn, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹyọ kan ò ní tó mọ́, á di méjì, bí a bá sì dá a dúró lójijì, ara á máa gbọ̀n, oorun á sá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ díẹ̀ ló yẹ ká fi lò ó. Ẹni tó bá ti pẹ́ lórí rẹ̀, kó má já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí dókítà máa dín in kù fún un.

Oògùn ìsoríkọ́ yàtọ̀. Amitriptyline ni èyí tó wọ́pọ̀ tí kò sì wọ́n, fluoxetine náà wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí amitriptyline ṣe ń ṣe gan-an, torí ibi tí wọn ò ti ṣàlàyé rẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń jù ú nù. Alẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á le, òòyì lè kọ́ èèyàn tó bá dìde lójijì. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló nira jù, nítorí ìnira oògùn ti dé nígbà tí àǹfààní rẹ̀ kò tíì dé. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó lè tó mẹ́fà fún ẹlòmíràn, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ara yíyá yẹn ló tún jẹ́ ewu kejì: èèyàn á ní ara òun ti le, á jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ti padà wálé. Ó yẹ ká ṣì lò ó fún oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ara bá yá tán, kí wọ́n tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò ní fojú fò: bí èèyàn bá gbé púpọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó lè pa ọkàn rẹ̀. Ọwọ́ yín, ẹ̀yin ọmọ, ni kí páálí oògùn wà.

Ìyá mi kò sùn fún ohun tó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ikú àbúrò rẹ̀. Ibi mẹ́ta la gbé e dé. Ní ìkejì, wọ́n fi í sínú ààwẹ̀ ọjọ́ méje, ẹni tí kò jẹun tẹ́lẹ̀. Egungun ni mo gbé kúrò níbẹ̀. Nígbà tí dókítà wá fún un ní oògùn alẹ́ yìí, gbogbo wa bú u ní ọ̀sẹ̀ kìíní pé oorun ọ̀sán ló kàn ń kó bá a. Ọjọ́ kejìlélógún, ìyá mi pè mí láti inú yàrá, ó ní ṣé àmàlà ṣẹ́ kù. Mo sáré gbé omi kaná. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń rò ó.

* * *

Ti ilé àdúrà àti adáhunṣe.

Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà. Mo ń gbàdúrà fún àwọn tí mo ń tọ́jú. Láti 1954 ni Lambo, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn Arò, ọsibítù àìsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ní 2020, Gureje tí mo dárúkọ lókè àti ikọ̀ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi, Gánà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá àwọn aláìsàn tó wà lọ́dọ̀ wòlíì àti adáhunṣe, wọ́n ń fún wọn ní oògùn níbẹ̀, wòlíì ń bá àdúrà tirẹ̀ lọ, wọ́n sì jọ sọ ọ́ pé kí ìyà jíjẹ dópin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn wọ̀nyí yá ju ti àwọn tí wọ́n tọ́jú bó ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Torí náà bí àǹtí bá fẹ́ gbé ìyá lọ fún àdúrà, ẹ bá wọn lọ, kí ẹ sì bi wòlíì lójú gbogbo èèyàn: ṣé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n lo oògùn wọn? Ṣé wọ́n máa jẹun? Bí ẹ bá rí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ igi ní àgbàlá, ẹ yí mọ́tò padà. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, èyí tó rọ́pò òfin 1958, dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ dúró níbẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀.

Àgbo náà ń kọ́? Asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń lò fún wèrè ní agbára lóòótọ́. Reserpine wà nínú egbò rẹ̀, àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá lò ó ní àwọn ọdún 1950. Ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, torí náà bí ìyá yín bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ tún gbé asofẹ́yẹjẹ lé e, wọ́n lè ṣubú nílẹ̀ balùwẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá mu, ẹ sọ fún dókítà.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti London, tó ní ẹ̀rù ń ba òun láti sọ̀rọ̀ nítorí wọ́n máa ń fipá mú aláwọ̀ dúdú sínú ọsibítù ju aláwọ̀ funfun lọ níbẹ̀: bẹ́ẹ̀ ló rí, ìjọba wọn náà ń tẹ iye rẹ̀ jáde, ẹ ò ṣì í. Ọ̀pọ̀ ló dé bẹ́ẹ̀ nítorí wọ́n dúró títí ó fi burú. Àìsùn àti àníyàn tí ẹ sọ kò tíì dé ibẹ̀. Ní England, ẹ lè fi orúkọ ara yín sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies láìgba ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọ̀rọ̀ sísọ náà jẹ́ ìtọ́jú, ẹ̀yin tí ẹ ní “ọ̀rọ̀ lásán”. Ní Harare, ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbọ́ wàhálà èèyàn, kí wọ́n sì bá a mú ẹyọ kan nínú rẹ̀ láti yanjú. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2016, ó sì hàn pé àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà sàn ju àwọn yòókù lọ. Ẹ wo bí àwọn ìyá àgbà ṣe pọ̀ tó ní àdúgbò wa. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn tó ṣòro jù ni pé kí wọ́n gbọ́ tán kí wọ́n tó gbani nímọ̀ràn.

* * *

Ẹnì kan béèrè ní ìkọ̀kọ̀ pé kí lòun máa ṣe, pé ìyá òun ní “ó sàn kí n kú”.

Ẹ bi í tààrà: “Màmá, ṣé ẹ ń rò láti pa ara yín?” Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí ẹni lọ́kàn, ó máa ń tu èèyàn lára ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn àti oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oògùn apakòkòrò yẹn ní 2019 nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń mu ún. Abala 327 òfin ìwà ọ̀daràn wa, tó ti wà láti ayé amúnisìn, ní ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Mo kórìíra abala yẹn tọkàntọkàn, nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀ ló ń mú kí ẹbí pa irọ́ fún wa ní ọsibítù pé ṣe ló ṣèèṣì mu ún.

* * *

Ẹni tó béèrè lákọ̀ọ́kọ́ ti padà wá. Ó ní bàbá òun gbà nígbà tí òun sọ fún wọn pé “ìsinmi ọkàn àti oorun” ni wọ́n fẹ́ lọ tọ́jú, pé wọ́n ti fún ìyá ní amitriptyline, ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹnu wọn ń gbẹ, àǹtí sì ti ní kí wọ́n dá a dúró.

Ẹ ṣeun tí ẹ mú bàbá mọ́ra. Ọjọ́ kẹsàn-án ṣì wà lára ibi tó le, ẹ má dá a dúró. Ẹ máa gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ nítorí ìgbẹ́, kí wọ́n sì jókòó díẹ̀ kí wọ́n tó dìde lóru. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ aago tí wọ́n sùn àti aago tí wọ́n jí sínú rẹ̀, ẹ mú un dání lọ fún dókítà. Ẹ má lé wọn lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá béèrè fúnra wọn pé ta ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá sọ fún mi níbí lọ́jọ́ náà.